Ilé-ìwé fẹ́ yọ ọmọ mi kúrò nínú Further Maths, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi, Kubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ inú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kò jẹ́ kí n fojú kan oorun lánàá. Ilé-ìwé tí ọmọ mi ń lọ ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Ajé. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ní Wuse, mo wọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró títí ara mi fi gbóná. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sẹ́ni tó fún mi ní àga. Lórí ìdúró ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ yọ Tóbi kúrò nínú kíláàsì Further Maths, ìṣirò tó jinlẹ̀ ju ti gbogbogbòò lọ, kí ó lọ máa ṣe Technical Drawing, ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé àti ohun èlò. Èmi tí mo san owó ilé-ìwé pé, tí mo ra ìwé Further Maths tuntun, tí mo sì tún san owó ẹ̀kọ́ àfikún! Bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ẹbí ní Ọ̀fà pé ẹnjiníà ni ọmọ òun yóò jẹ́. Àbúrò ọkọ mi gbọ́, ó ní ṣé iṣẹ́ káfíńtà la wá rán ọmọ lọ kọ́ ní Àbújá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ni mo lè fẹjọ́ wọn sùn?

Bàbá Ìbejì, Káńò:
Ìyá Tóbi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má gbà fún wọn rárá. Irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí àkọ́bí mi ní Sabon Gari níbí. Wọ́n ní kò lè ṣe é, mo ní yóò ṣe é. Mo gba tíṣà kan tó ń wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà sunkún, ó bínú, ó ní òun kórìíra mi, àmọ́ nígbà tí èsì WAEC jáde, C5 ló gbà. Ẹnjiníà ló ń kọ́ ní yunifásítì báyìí, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn lọ́dún kìíní, òun ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Bí òbí bá gbà fún ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò máa ti ọmọ náà sẹ́yìn ni.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní ìṣirò, mo sì fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ àwọn ohun tó yẹ kí n mọ̀ kò sí nínú ohun tí ẹ kọ. Kíláàsì wo ni Tóbi wà? Èló ló gbà nínú Further Maths, èló ló sì gbà nínú ìṣirò gbogbogbòò tí gbogbo ọmọ ń ṣe? Kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kà ní yunifásítì? Ẹ dáhùn mẹ́ta yìí kí á tó mọ ẹni tó jàre.

Ìyá Àjọkẹ́, Lugbe:
Mo wà lẹ́yìn Tíṣà. Ìyá Tóbi, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín, àga, ọkọ̀, owó àti àbúrò ọkọ ni mo rí. Mi ò rí ibi tí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ tí wọ́n bá dá, òun ni yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìyá Tóbi:
SS2 ló wà. Ẹ ṣé, Ìyá Àjọkẹ́, àmọ́ ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí a kì í bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé wọn kò kọ lẹ́tà sí mi kí wọ́n tó pinnu. Bí wọ́n bá ti ń gbowó, ó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òbí.

Dáúdà, Nyanya:
Kí ni gbogbo ìyọnu yìí fún? Ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìṣirò ní ọdún 2025. Ẹni tí kò bá wù kò ní ṣe é mọ́.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
Arákùnrin Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́, irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni pé kírẹ́díìtì nínú ìṣirò kò pọn dandan mọ́ fún àwọn tó fẹ́ wọlé kẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ẹ̀ka bíi èdè, ìtàn àti iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ni yóò ṣì forúkọ sílẹ̀ fún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò àṣekágbá, tí wọn yóò sì jókòó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì kò sí nínú ìdẹ̀rùn yẹn. Further Maths tí à ń sọ níbí, iṣẹ́ ilé-ìwé mìíràn ni, àṣàyàn sì ni.

Rísíkátù, Zaria:
Àbúrò mi kò ṣe Further Maths rárá, nítorí pé kò sí tíṣà rẹ̀ nílé-ìwé wọn. Ó gba A nínú ìṣirò, ó sì ṣe IJMB, ìdánwò tó ń gbé ọmọ wọ ọdún kejì yunifásítì, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ń bójú tó, níbi tó ti mú Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místírì. Oṣù àkọ́kọ́ le fún un gan-an, nítorí kákúlọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣe ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Àmọ́ ó bá wọn, ó sì gba ibẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀nà kò pin síbì kan, Ìyá Tóbi.

Ìyá Tóbi:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Nínú ìṣirò gbogbogbòò, 68 ló gbà. Nínú Further Maths, 29. Ṣé ẹ rí i pé ọpọlọ rẹ̀ kò kú? Ọmọ kan náà ló gba 68 tó sì gba 29, nítorí náà mo gbà pé olùkọ́ yẹn ló kórìíra rẹ̀. Ìwé ìdánwò náà ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kìíní sọ pé a * b = a + b − 2ab, ó ní kí wọ́n wá ẹ̀yà tí kì í yí nǹkan padà. Tóbi kọ 1, wọ́n fún un ní òdo. Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
Ìyá Tóbi, ẹ ṣeun tí ẹ mú ìwé náà jáde, nítorí ó ti sọ nǹkan fún mi. Nínú ìbéèrè yẹn, àmì ìràwọ̀ kì í ṣe ìsọdipúpọ̀. Àṣẹ tuntun ni, tí ó sọ bí a ṣe máa da nọ́ńbà méjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á pe ẹ̀yà tí à ń wá ní e. A fẹ́ kí a * e padà di a, ìyẹn ni pé a + e − 2ae = a. Bí a bá yọ a kúrò lápá méjèèjì, yóò ku e(1 − 2a) = 0. Nígbà tí èyí gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo a, òdo ni e. Tóbi ka ìràwọ̀ sí ìsọdipúpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kọ 1. Ọmọ tó yọ̀lẹ kì í ṣi í báyìí. Ẹni tí kò tíì fojú kan orí ẹ̀kọ́ yẹn rí ló ń ṣi í báyìí, SS1 sì ni a máa ń kọ́ wọn ní orí ẹ̀kọ́ yẹn. Ibo ni Tóbi ti ṣe SS1?

Ìyá Tóbi:
Ìlọrin ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Àbújá nígbà tí ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ gbé e wá. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ló wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí olùkọ́ Further Maths nílé-ìwé náà. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù níbí, mo kọ ọ́ pé ó ti ṣe é, nítorí wọ́n ní ẹni tí kò bá ṣe é yóò bẹ̀rẹ̀ ní SS1, mi ò sì lè jẹ́ kí ọmọ mi pàdánù ọdún kan. Òbí wo ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Àjọkẹ́, Lugbe:
Ó tán! Olùkọ́ tí ẹ ní ó kórìíra ọmọ yín ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ọdún kejì, ó rò pé ó ti ṣe ti ọdún kìíní. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe?

Bàbá Ìbejì, Káńò:
Ìyá Àjọkẹ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Èyí tilẹ̀ fi hàn pé ọmọ náà lè ṣe é. Ẹ gba tíṣà fún un, kí ó fi ìsinmi gígùn kọ́ ti SS1.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí á wo iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ìwé kejì WAEC nínú Further Maths ní apá tó jẹ́ ìṣirò gidi, apá ìmọ̀ ìṣirò-ìwádìí àti ìṣeéṣe, àti apá fẹ́kítọ̀ (ohun tó ní ìwọ̀n àti ìhà) pẹ̀lú mẹkáníìkì (ẹ̀kọ́ nípa ipá àti ìrìn nǹkan), ọmọ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ń kọ́ ti SS1 àti SS2 pa pọ̀ lè jẹ́ kí ìṣirò gbogbogbòò, Físíìsì àti Kẹ́místírì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn gan-an ni JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka ẹnjiníà. Further Maths kò sí nínú àwọn iṣẹ́ UTME, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì tí JAMB ń ṣe. Ó wúlò, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń bẹ àwọn ọmọ mi tó lágbára pé kí wọ́n ṣe é, nítorí ó ń mú ọdún kìíní yunifásítì rọrùn. Àmọ́ kírẹ́díìtì nínú ìṣirò gbogbogbòò ni ilẹ̀kùn ẹnjiníà. Ìyá Tóbi, ìbéèrè mi kẹta ṣì wà níbẹ̀: kí ni Tóbi fẹ́ kà?

Bàbá Ìbejì, Káńò:
Tíṣà, mo gbọ́, àmọ́ mi ò gbà tán. Ọmọ tí a kò bá tì, kì í mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé.

Ìyá Tóbi:
Mo pè é sí yàrá ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo bi í. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni òun fẹ́ kà, àkítẹ́kíṣọ̀, àti pé òun lòun lọ bá olùkọ́ Technical Drawing pé kí ó gba òun. Ó mú ìwé Kẹ́místírì rẹ̀ wá, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé wa ní Kubwa ló yà síbẹ̀, ó ya ògiri, ilẹ̀kùn, ibi tí tánkì omi wà, ó sì fi rúlà kọ gígùn yàrá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ilé-ìwé ì bá ti sọ fún mi pé ọmọ ló béèrè.

Rísíkátù, Zaria:
Ah, Ìyá Tóbi! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
Ìyá Tóbi, Technical Drawing kì í ṣe ìjìyà fún ọmọ yìí. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń ya ohun kan láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, títí tí yóò fi lè ya ilé kan lórí ìwé kí ẹlòmíràn lè kọ́ ọ. Fún àkítẹ́kíṣọ̀, JAMB ń béèrè Ìṣirò àti Físíìsì pẹ̀lú iṣẹ́ kan sí i nínú UTME. Ẹ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB tó wà lórí IBASS, ojúlé wọn lórí ayélujára, fún yunifásítì tó wù ú, nítorí iṣẹ́ kẹta yẹn lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ni 68 yẹn, kí ó wọ 75 kí SS3 tó dé. Owó ẹ̀kọ́ àfikún tí ẹ ti san, ẹ ní kí wọ́n yí i sí ìṣirò gbogbogbòò àti Físíìsì.

Ìyá Tóbi:
Mo dúpẹ́. Mi ò tíì gbà pé kí ó fi Further Maths sílẹ̀ pátápátá. Ṣé kò lè ṣe méjèèjì, kí bàbá rẹ̀ má baà sọ pé èmi ni mo fà á?

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada:
WAEC gba iṣẹ́ mẹ́sàn-án, mà, nítorí náà àyè lè wà. Àmọ́ ẹ béèrè bóyá wákàtí méjèèjì kò kọlu ara wọn lórí tábìlì àkókò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa SS1 fún olùkọ́ Further Maths kí ó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà SS3 ni wọn yóò forúkọ wọn sílẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí bàbá Tóbi rí ẹ̀yìn ìwé Kẹ́místírì yẹn.

Ìyá Tóbi:
Ó dé láti ibi iṣẹ́ báyìí. Tóbi fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìwé náà lọ bá a.