Àwọn orúkọ tí òyìnbó fi ń bo ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mọ̀?

Àdùkẹ́_Wuse:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì l'Àbújá níbí ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Toilet" àti "ease myself" nìkan ni wọ́n mọ̀, àlejò sì ń ti oríṣiríṣi ìlú wá. Èwo ni kí wọ́n máa sọ lẹ́nu, èwo ni kí wọ́n kàn dá mọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ọ?

Baba_Gwarinpa:
Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àlejò ti wá. Lọ́dọ̀ ará Amẹ́ríkà, àwo tí à ń jókòó lé gan-an ni "toilet", ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fẹ́ pè é láwùjọ. "Restroom" ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ àti pápákọ̀ òfurufú; bó bá jẹ́ nínú ilé, "bathroom". Ará Kánádà á ní "washroom". Bí irú wọn bá béèrè "bathroom" lọ́dọ̀ yín nísàlẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ wẹ̀. Ẹ má wá tówẹ̀lì fún un, ẹ fi ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì hàn án. Bákan náà ni ẹni tó ní òun fẹ́ fọwọ́.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ "toilet" láìtijú, tàbí "loo". "Slash", "leak" àti "piss", tí wọ́n fi ń pe ìtọ̀, kò yẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́ rárá. "Taking the piss" ò tilẹ̀ kan ìtọ̀: ẹnìkan ló ń fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Omo_Lokoja:
Ẹ fi "spend a penny" kún un, ìyẹn kí èèyàn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù tó ń sọ ọ́. Ní ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Hyde Park, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1851, pẹ́nì kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí George Jennings ṣe síbẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìgboro gan-an wá ń gba pẹ́nì kó tó ṣí. Ọ̀fẹ́ ni ibi tí ọkùnrin ti ń tọ̀ lóòró, nítorí náà ẹnu obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà mọ́ jù.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada:
Bí àlejò bá ń ṣàìsàn, èyí ṣe pàtàkì gan-an. "Pass water" ni kí èèyàn tọ̀. Ẹ má gbé omi fún un. "Open your bowels" ni kí ó yàgbẹ́, "stool" ni ìgbẹ́ fúnra rẹ̀, "the runs" sì ni ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọdé á ní "number one" fún ìtọ̀, "number two" fún ìgbẹ́.

"I'm pressed" tiwa yẹn, òyìnbó á rò pé iṣẹ́ ló há yín mọ́. "Excuse me, I'll be right back" ti tó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó jẹ́ Háúsá náà, bó bá ní "zan zagaya" (tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ lọ), ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹlòmíì dúró dè é.

Baba_Gwarinpa:
Òótọ́ ni. Lára ilẹ̀kùn, ẹ kọ "Toilets", kí ẹ ya àwòrán ọkùnrin àti obìnrin sí i. Kò sí àlejò tí kò ní yé.