Wákàtí 2 ṣìnà nínú PostgreSQL mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ yìí. Mo ń bójú tó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Tanke, Ìlọrin. Mo fi 'UTC+1' sí time zone PostgreSQL (ètò ìpamọ́ dátà tí mo ń lò), àṣé lọ́nà POSIX (ìlànà kan fún kíkọ time zone), ìwọ̀-oòrùn Greenwich ni + ń tọ́ka sí, ìlà-oòrùn sì ni aago tiwa! Owó tí wọ́n san ní aago 10 àárọ̀ wá ń hàn ní aago 8. Ó dùn mí, torí owó àwọn ìyá ọlọ́jà ni.

Mo ti yí i sí 'Africa/Lagos'. Èyí tí now() (àṣẹ tó ń mú aago kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) kọ ti tọ́. Ṣùgbọ́n aago 10 tí akọ̀wé fọwọ́ tẹ̀ láìsí offset (ìyàtọ̀ sí aago UTC, bíi +01) ti di 12 báyìí. Timestamptz (irú àkókò tí PostgreSQL ń fi time zone túmọ̀) ni gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè tún èyí tí akọ̀wé tẹ̀ nìkan ṣe? Ìṣẹ́jú-àáyá tirẹ̀ máa ń jẹ́ 00; ṣé mo lè gbára lé ìyẹn láti yà wọ́n sọ́tọ̀?