Mọ̀ọ́mọ̀, èèṣì, àti "àì-" tí wọ́n fẹ́ fi ba ọ̀rọ̀ Aristotle jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé ká máa pe hekousion àwọn Gíríìkì, ìyẹn ohun tó ti ọ̀dọ̀ èèyàn fúnra ẹ̀ wá, tó sì mọ ohun tó ń ṣe, ní "ìṣe àfínnúfíndọ̀ṣe", ká sì pe akousion tó jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ní "ìṣe àìfínnúfíndọ̀ṣe", ó parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò parí o! Ohun tó tiẹ̀ dùn mí ni àwọn tó ń sọ pé "ó dáa, ẹ ṣeun" láìbéèrè ohun tí Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́ tó lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí, fúnra ẹ̀ wí. Tèmi ni pé ká pe hekousion ní mọ̀ọ́mọ̀, ká sì pe akousion ní èèṣì, tàbí túláàsì tó bá jẹ́ ipá.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tó fi ṣàpẹẹrẹ nínú apá kẹta Nicomachean Ethics, ìwé ẹ̀ lórí ìwà èèyàn. Ìjì dé, ọkọ̀ fẹ́ rì, wọ́n bá kó ẹrù dà sínú òkun kí ẹ̀mí má bàa lọ sí i. Aristotle ní irú èyí dà pọ̀ mọ́ra, àmọ́ hekousion ló sún mọ́ jù, torí ọwọ́ ẹni náà ló gbé ẹrù, òun ló sì yàn án lásìkò yẹn. Ṣé ẹ máa wá ní ó fínnúfíndọ̀ da ẹrù nù? Yorùbá ibo nìyẹn? Ẹni tó fínnúfíndọ̀ ṣe nǹkan, inú ẹ̀ dùn sí i. Eléyìí, inú ẹ̀ bà jẹ́ ó sì ń dà á nù, àmọ́ ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kódà ọmọdé àti ẹranko, Aristotle ní wọ́n ní hekousion bí wọn ò tiẹ̀ ní prohairesis, ìyẹn kéèyàn ro nǹkan síwá sẹ́yìn kó tó yàn án, àwa náà sì máa ń ní ewúrẹ́ yìí mọ̀ọ́mọ̀ ni, ta ló gbọ́ ọ rí pé ewúrẹ́ fínnúfíndọ̀ jẹ èlùbọ́?

Ó wá ku "àì-" tó wà níwájú "àìfínnúfíndọ̀ṣe" yìí. Àìsùn, àìlọ, àìwẹ̀, gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ju kó ní nǹkan ò sí lọ. Mẹ́ta sì ni Aristotle pín in sí, kì í ṣe méjì. Ẹni tí kò mọ̀ tó fi ṣe é, tó sì dùn ún nígbà tó mọ̀, akousion nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀, tó wá mọ̀ tán tí kò sì kan án, ìyẹn ò ṣe é pè ní akousion, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe hekousion ni. Ibẹ̀ yẹn ni kí "àì-" lọ jókòó sí. Bàbá bàbá mi, tí wọ́n bá ń parí ìjà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni "o mọ̀ọ́mọ̀ ni àbí èèṣì?", tó bá ní èèṣì ni, wọ́n á wá máa wo ojú ẹ̀ bóyá ó dùn ún lóòótọ́. Wọn ò ka Gíríìkì rí o. Ní Athens, ìlú àwọn Gíríìkì, láyé àtijọ́ náà, ẹni tó ṣèèṣì pààyàn, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Palladion ló ń lọ, wọn kì í pa á, ṣe ló máa kúrò nílùú títí ẹbí olóògbé á fi dárí jì í.

Ẹni tó wá fi "ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá" ta kò mí, pé èèṣì náà nìyẹn, rárá o. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà ò lè ní òun ò mọ̀ pé èèyàn wà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọtí ló ń pa mí" ò ṣe gbà lọ́wọ́ Aristotle, torí òun ló gbé ọtí sẹ́nu ara ẹ̀. Pittacus, tó ṣàkóso Mytilene, ìlú Gíríìkì kan láyé àtijọ́, tiẹ̀ ṣòfin pé ìyà ọ̀mùtí tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tí ojú ẹ̀ dá lọ.

Ti ipá ló kù nínú akousion, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá gbé èèyàn lọ tàbí tí àwọn kan bá kì í mọ́lẹ̀ wọ́ ọ lọ, tí òun fúnra ẹ̀ ò dá nǹkan kan sí i. Túláàsì ni mo máa pe ìyẹn, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ Haúsá ni túláàsì, ẹ kọ́kọ́ yọ àlùbọ́sà àti àlàáfíà táwọn náà gba ọ̀dọ̀ Haúsá wá kúrò lẹ́nu yín ná, ká tó máa bá a lọ.