Àbájáde: nitrite tó kọ̀ tí kò wálẹ̀

Ìbéèrè mi ni pé nitrite (májèlé tí bakitéríà ń sọ ammonia, májèlé inú ẹ̀gbin ẹja, dà) inú táǹkì ẹja tuntun, lítà 60, tí ẹja kò tíì sí nínú rẹ̀, kò wálẹ̀. Ó ti yanjú. Omi ló kan: pH (òǹkà tó máa ń kéré sí i bí omi bá ṣe ń kan sí i) já sí 6, bakitéríà tó yẹ kó jẹ nitrite kì í sì í fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Mo pààrọ̀ ìdajì omi, mo po ṣíbí tíì kan baking soda mọ́ ọn kí kíkan rẹ̀ lè dínkù. Fóòmù fílítà ńkọ́? Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ o, ó lè pa bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀!

Ní báyìí, bí mo bá da ammonia 2 ppm (mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan) sí i lálẹ́ láti fi dán bakitéríà wò, kò ní sí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Omi àyẹ̀wò nitrite tó máa ń di elésè àlùkò bí nitrite bá pọ̀ ti mọ́ bí ojú ọ̀run. Mo tún máa pààrọ̀ omi nítorí nitrate (ohun tí bakitéríà ń sọ nitrite dà), kí ẹja tó wọlé.