Ìtúsílẹ̀ ni ti 1865, ẹ má tíì pè é ní òmìnira

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àríyànjiyàn o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìtàn Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ó sì fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi pe bí oko ẹrú ṣe dópin lẹ́yìn ogun tí Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà bá ara wọn jà láti 1861 sí 1865. Àwọn kan ní "òmìnira", àwọn mìíràn ní "ìdáǹdè". Ní ti aláwọ̀ dúdú tó wá ń dáko lórí ilẹ̀ aláwọ̀ funfun lẹ́yìn ogun, ọ̀gá wa kan ní "ìwọ̀fà" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri?

Orúkọ ogun náà kò yẹ kó dá wa dúró. "Ogun abẹ́lé" ti mọ́ wa lẹ́nu láti ìgbà ogun Biafra, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Òmìnira ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Létí wa lónìí, òmìnira ni October 1, 1960: àsíá kan sọ̀ kalẹ̀, òmíràn gòkè, onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo tọ̀hún. Ìkéde ìtúsílẹ̀ ẹrú tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní January 1, 1863 kò kan ẹrú tó wà ní Kentucky, Maryland, Delaware àti Missouri, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ yẹn kò bá àwọn ará Gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà. Ní Texas, June 19, 1865 ni Ọ̀gágun Gordon Granger ti Àríwá tó gbé àṣẹ jáde ní Galveston pé gbogbo ẹrú ti bọ́. Àṣẹ yẹn tiẹ̀ dárúkọ ìdọ́gba pátápátá láàárín ẹrú àti olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: wọ́n ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ náà rọra jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó, wọn kò gbọ́dọ̀ kóra jọ sí bárékè ológun, ẹnikẹ́ni kò sì ní bọ́ ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ! Àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn ro oko òwú olóko.

Òfin tó tẹ̀ lé e ní December 1865 fòpin sí oko ẹrú jákèjádò Amẹ́ríkà, àyàfi bó bá jẹ́ ìjìyà fún ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Inú "àyàfi" yẹn ni àwọn ìjọba Gúúsù gbà padà wọlé. Mississippi ṣòfin ní 1865 kan náà pé kí aláwọ̀ dúdú máa mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá ní January ọdọọdún. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ di alárìnkiri, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Bí kò bá rí i san, wọ́n á fi í háyà fún ẹni tó bá lè san án. Nígbà tó yá, àwọn ìpínlẹ̀ ń fi ẹlẹ́wọ̀n háyà fún oníkùsà èédú àti àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè. Ní Alabama, 1928 ló tó dópin. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹlẹ́wọ̀n háyà", ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè ìtumọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "ìtúsílẹ̀". Wọ́n tú ohun tí wọ́n dè. Ibi tí ẹni náà máa dúró sí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. "Ìdásílẹ̀" ì bá ṣe é, bí kì í bá ṣe pé ilé ìwé àti ẹgbẹ́ náà la máa ń dá sílẹ̀. "Ìdáǹdè" ń rùn bí orin ṣọ́ọ̀ṣì sí mi nímú, olùdáǹdè nìkan ló sì ń gbé ga. Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí 180,000 aláwọ̀ dúdú ló gbé ìbọn fún Àríwá nínú ogun náà, àwọn mìíràn sì sá kúrò lóko kí ọmọ ogun kankan tó dé. Àwọn yẹn túra wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gba ti wọn náà.

Ní ti ìwọ̀fà, ọ̀gá wa, ẹ foríjì mí. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó tí wọ́n yá, ó nílé, ó nílẹ̀, ó ní ẹbí tó lè bá a wá owó. Lọ́jọ́ tí owó bá pé, ó di ọ̀gbẹ́ni. Iye gbèsè kò yé olówó nìkan, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ òwú ti Gúúsù ńkọ́? Olóko ló nilẹ̀, òun ló ń ta irúgbìn àti oúnjẹ àwìn fún un, òun náà ló ń kọ ìwé gbèsè. Bí wọ́n bá wọn òwú tán lópin ọdún, gbèsè á ṣẹ́kù. Bí àgbẹ̀ bá sì fẹ́ lọ, ọlọ́pàá wà. Ní 1911 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fagi lé òfin Alabama tó ń sọ ẹni tó bá gba owó àsansílẹ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ di ọ̀daràn. Bí a bá pe èyí ní ìwọ̀fà, a bu àṣà wa kù, a sì tún bo àṣírí àwọn olóko wọ̀nyẹn. "Ìṣákọ́lẹ̀" náà kò bá a mu. "Oko-gbèsè" ni mo rí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni o. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808, síbẹ̀ ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama ní 1860, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì wà lẹ́nu àwọn kan nínú wọn. Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis, àwọn òpìtàn tọ orírun rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin òní. Lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ní kí Timothy Meaher tó rán ọkọ̀ náà fún wọn nílẹ̀ díẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n fowó ra ilẹ̀, wọ́n dá Africatown sílẹ̀. Kossola kú síbẹ̀ ní 1935. Ilé ẹjọ́ kankan kò sì dá Meaher lẹ́bi.

Ó ku "ìdọ́gba". Ẹ ṣọ́ra fún un. Ní 1896, nínú ẹjọ́ Homer Plessy, aláwọ̀ dúdú tó jókòó síbi tí wọ́n ní kò yẹ kó jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin Louisiana, ilé ẹjọ́ ní bí a bá ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, wọ́n ṣì dọ́gba, ilé ẹjọ́ náà kò sì yí ọ̀rọ̀ yẹn padà títí di 1954. Nítorí náà, fún ìjà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń jà gan-an, "ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú" ni kí ẹ kọ. Nínú ẹjọ́ Dred Scott, ẹrú tó ní kí ilé ẹjọ́ tú òun sílẹ̀, ìdájọ́ 1857 ní aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ìlú. Òfin 1868 ní ọmọ ìlú ni. Òfin 1870 ní kí wọ́n má fi àwọ̀ dí ọkùnrin lọ́wọ́ láti dìbò, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lu èèyàn ní Selma, ìlú kan ní Alabama, nítorí ìbò ní 1965. "Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn" gbòòrò ju ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́jọ́ náà lọ.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju "oko-gbèsè" lọ, kó gbé e wá. N kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ tán.