Ìrírí Àwa Tí A Kò Ríran Lọ́wọ́ Àwọn Gbájúẹ̀ Orí Fóònù

Ẹni tí ó pè mí náà kò pariwo, kò sì kánjú. Ó pe orúkọ mi ní kíkún, ó kí mi bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ṣe ń kí àgbà, ó ní láti ilé ìfowópamọ́ mi ni òun ti ń pè, àti pé nígbà tí àwọn rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ojú mi kò ríran ni àwọn pinnu láti bá mi tún àkáǹtì mi ṣe lórí fóònù, kí n má baà máa yọ ara mi lẹ́nu wá sí ọ́fíìsì. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ kan yóò wọlé tí òǹkà mẹ́fà yóò wà nínú rẹ̀, kí n gbé fóònù fún ẹni tí ó bá wà nítòsí mi kí ó kà á sí òun létí. Kò mọ̀ pé fóònù mi ti ń ka ọ̀rọ̀ náà fún mi bí òun ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àti pé mo ti gbọ́ ìkìlọ̀ tí ó tẹ̀lé òǹkà mẹ́fà náà pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Mo dá a lóhùn pé èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ohùn fóònù sókè kí òun lè gbọ́ bí ó ṣe ń kà á. Mo gé ìpè náà.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gba gbogbo ènìyàn ni pé kí a pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì wa. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, àmọ́ ìka mi kò lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn káàdì tèmi. Ọmọ àbúrò mi ni mo ní kí ó kà á fún mi ní ọjọ́ tí káàdì náà dé, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Síbẹ̀, bí ìpè bá wọlé tí TalkBack, ohùn tí ń ka ojú fóònù fún mi, sì pe orúkọ ilé ìfowópamọ́ mi, n kì í torí ìyẹn gbà pé àwọn ni, nítorí àwọn oníjìbìtì mọ bí a ṣe ń mú kí nọ́ńbà ẹlòmíràn hàn lórí fóònù ẹni. Èmi ni mo máa ń pè wọ́n. N kì í bá wọn sọ ọ̀rọ̀ owó nígbà tí ó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n pè mí.

Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ìpè náà. Ọkùnrin yẹn gbà pé ẹlòmíràn ni yóò ka àṣírí mi fún òun, kò sì ṣàdédé gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá lọ sí ilé ìfowópamọ́, ẹni tí ó sìn mí lọ ni akọ̀wé máa ń kọjú sí. "Kí ni ó fẹ́ ṣe?" ni ó máa ń bi í, bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ, etí mi kò sì di. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ nọ́ńbà àṣírí níbẹ̀ ti di olójú dídán báyìí, kò ní bọ́tìnnì tí ìka lè dá mọ̀, kò sì ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, akọ̀wé a ní kí n sọ nọ́ńbà náà fún ẹni tí ó wà pẹ̀lú mi kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́, etí àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn wa a sì gbọ́ ọ. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ nínú abala 12 rẹ̀ pé a ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn láti máa darí ètò owó wa fúnra wa. Lójú tèmi, ẹni tí ó mú mi sọ nọ́ńbà àṣírí mi síta ti bá gbájúẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ adití tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ ni ó máa ń bá a fi ohùn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ fi tó ilé ìfowópamọ́ létí pé ẹnìkan ń jí owó òun, wọn a ní àwọn kò lè bá ẹni kẹta sọ̀rọ̀ nítorí ààbò, wọn a sì gé ìpè. Ẹni kẹta tí wọ́n kọ̀ fún adití ni wọ́n ń fi ipá yàn fún afọ́jú.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ bá yín tún ohùn tí ń ka ojú fóònù yín ṣe. Áàpù kan ni yóò ní kí ẹ gbé wọlé, áàpù náà yóò sì béèrè àṣẹ láti máa ka gbogbo ohun tí ó wà lójú fóònù àti láti máa tẹ nǹkan fúnra rẹ̀. Irú àṣẹ yìí gan-an ni TalkBack ń lò lórí Android, nítorí náà ó ti mọ́ wa lára láti gbà á láìjanpata, ohun tí ẹlòmíràn ìbá kọ́kọ́ fura sí. Ní tèmi, ẹni tí mo bá mọ̀ dáadáa nìkan ni mo ń jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ibi ètò yẹn, ohun ìgbọ́rọ̀ sì máa ń wà létí mi nígbà tí mo bá ń tẹ nọ́ńbà àṣírí.

Obìnrin kan láàárín wa tí ojú rẹ̀ kò ríran pẹ̀lú lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn tí wọ́n ti kó owó rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í bí yóò ṣe dá olè náà mọ̀ nígbà tí kò ríran, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ríran a máa rí ojú ẹni tí ó pè wọ́n. Ó ní òun lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ohùn. Wọn kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ní tèmi, mo kọ lẹ́tà sí ilé ìfowópamọ́ náà pé kí wọ́n pèsè ẹ̀rọ tí ó ní bọ́tìnnì tàbí èyí tí ń sọ̀rọ̀ sí etí oníbàárà nìkan, kí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti máa bá èmi tí mo ni àkáǹtì sọ̀rọ̀. Orí ìwé títẹ̀ lásán ni èsì wọn dé, ọmọ àbúrò mi ni ó sì kà á sí mi létí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yan ẹnìkan tí mo fọkàn tán tí yóò máa mọ nọ́ńbà àṣírí mi. Mo ti ń kọ lẹ́tà kejì lọ́wọ́.