Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wo ló yí èrò àwọn ará ilé yín padà?

TíṣàÌkọ̀lé:
Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn JSS 3 níbí ní Ìkọ̀lé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń sọ fún wọn pé 1543 ni ìwé Copernicus, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, jáde, tó ní ayé ló ń yí oòrùn po, àti bí wọ́n ṣe sé Galileo mọ́lé torí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà. Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní sà, kí nìyẹn yí padà nílé tiwa? Mi ò rí nǹkan gidi sọ, ìbéèrè ọmọ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yí ojú táwọn ará ilé yín fi ń wo ayé padà? Ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ.

BàbáÌbejì_Ìjerò:
Tíṣà, ẹ ní kó lọ wo apá ìyá ẹ̀ àgbà. Àpá tó wà lókè apá àwọn àgbà wa yẹn, bupá ni, àjẹsára tí wọ́n fi ń dènà ṣọ̀pọ̀ná. Nígbà tí màmá mi wà lọ́mọdé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pe ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, tí oòrùn bá ti mú wọ́n á kó àwọn ọmọ wọlé torí olóde ń rìn. Ẹni tó bá pa, ẹ ò gbọdọ̀ sunkún ẹ̀, ẹ ó dúpẹ́ ni, àwọn àwòrò á wá kó ẹrù ẹ̀ lọ. Dókítà Oguntola Sapara, Yorùbá bíi tiwa, ló fọgbọ́n wọ àárín àwọn àwòrò yẹn, ó rí i pé wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ha lára aláìsàn tan àrùn náà ká, ìjọba wá fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ òfin kọ́ ló lé ṣọ̀pọ̀ná lọ o, bupá ni. Láti 1796 ni Jenner, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná màlúù bá ti ṣe, ti èèyàn ò ní mú un mọ́. Wọ́n bupá títí, ní 1980 WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti tán láyé. Lọ́jọ́ kan màmá mi pe orúkọ ẹ̀ sókè lójú mi, èmi lẹ̀rù bà, ẹ̀rù ò ba àwọn.

Àbẹ̀kẹ́_Adó:
Màámi bímọ mẹ́fà, àwa mẹ́ta ló kù. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, ẹ ti mọ ohun tórúkọ yẹn ń sọ. Ọwọ́ àtẹsẹ̀ wọn máa ń wú, wọ́n á máa ké eegun, eegun lóru. Nígbà tí èkejì kú wọ́n dá àpá sí òkú ẹ̀ lára kó má bàa padà wá. Màámi gbà pé ọmọ kan náà ló ń wá tó ń lọ, tó ń fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, tí ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣe jínótáìpù, ni mo mọ̀ pé AS ni mí, ìyẹn ni pé mo gbé àléébù àrùn náà láìṣàìsàn, mo mú màámi lọ, AS làwọn náà. Nọ́ọ̀sì yàwòrán ẹ̀jẹ̀ fún wa, èyí tó dáa rí róbótó, èyí tí ò dáa tẹ̀ bíi dòjé, òun ló ń há sójú iṣan tó ń fa ìrora. Sickle cell ni wọ́n ń pe àrùn náà. Mo lọ kà á fúnra mi, dókítà Herrick ní Chicago ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1910, ní 1949 Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa ni àléébù ẹ̀ wà, ọmọ sì ń jogún ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni. Màámi dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Á jẹ́ pé àwọn ọmọ mi ò kórìíra mi." Ó lé lógójì ọdún tí obìnrin yìí fi ń rò ó bẹ́ẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́:
Àbẹ̀kẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tu màmá nínú. Ohun kan tí mo máa ń ṣàlàyé ní kílíníìkì títí ẹnu mi á fi gbẹ ni pé tí AS bá fẹ́ AS, kì í ṣe pé ọmọ kan nínú mẹ́rin ló máa jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń ṣe, dandan, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin tiẹ̀, àkọ́bí àtèkejì lè jẹ́ ẹ tẹ̀léra. AS fúnra ẹ̀ kì í sì í ṣe ègún, dókítà kan tó ń jẹ́ Allison fi hàn ní 1954 pé ibà tó ń pa ọmọdé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn AS gbé ṣánlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbọ́ ti ibà, láti 1897 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Ross ti rí kòkòrò ẹ̀ nínú ẹ̀fọn, àwọn ìyá ṣì ń sọ fún mi lónìí pé oòrùn ló fà á.

TíṣàÌkọ̀lé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ màmá yín fún wọn ní Mọ́ńdè? Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àbẹ̀kẹ́_Adó:
Ẹ sọ ọ́. Ẹ dárúkọ àwọn ọmọ yẹn, ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè wọ́n.